Bọ́tìnnì Iwájú Ọba

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Orí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí sí ọ. Mo ti kó gbogbo aṣọ oníbàárà kúrò lórí rẹ̀, mo sì ti sọ fún àwọn ọmọṣẹ́ pé kí wọ́n má bi mí ní nǹkan kan títí oòrùn yóò fi kúrò lẹ́nu ọ̀nà, torí náà ìwọ náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Bàbá rẹ kí ọ. Ó ní kí n bi ọ́ bóyá o ti rí láfún gidi rà n'Ìbàdàn, àbí o ṣì ń fi gàárì tan ara rẹ jẹ. Mo sọ fún un pé lẹ́tà tèmi ni mò ń kọ, kó lọ kọ tirẹ̀.

Nígbà tó o pè mí lọ́jọ́ Jímọ̀, mo ní nẹ́tíwọ̀kì kò dáa. Nẹ́tíwọ̀kì dáa. Mo gbọ́ gbogbo ohun tó o sọ ketekete. O ní ilé iṣẹ́ tuntun yín, tí wọ́n gbà ọ́ sí nítorí ṣẹ́ẹ̀sì, fẹ́ yan àwọn tí yóò máa ta á fún wọn, àti pé kóòṣì yín kò fẹ́ fi ọ́ sí tábìlì kìíní, níbi tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ta jù ń jókòó. O ní gbogbo ìgbà tó o bá mú funfun, ẹ̀gbẹ́ lo máa ń gbà bẹ̀rẹ̀, bí mo ṣe kọ́ ọ. O ní ìyẹn gan-an kọ́ ló ń dun kóòṣì náà. Ohun tó ń dùn ún ni pé bí àárín bá ṣí sílẹ̀ gbayawu pàápàá, o kì í wọ̀ ọ́. O wá ní, "Màmá, ó ní mò ń bẹ̀rù àárín. Ṣé kí n fi eré yín sílẹ̀, kí n máa ṣe bí ìwé ṣe wí?" Ibẹ̀ ni nẹ́tíwọ̀kì mi ti bàjẹ́.

Bí mo bá ní kó o fi í sílẹ̀, yóò dà bíi pé mo ní kó o gbàgbé tábìlì tí mò ń kọ̀wé lórí rẹ̀ yìí, níbi tí ìwọ àtèmi ti jọ lo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀sán. Bí mo bá ní kó o má fi í sílẹ̀, wọ́n lè tì ọ́ sẹ́yìn, iṣẹ́ tí wọn ò tíì fọwọ́ sí tán sì lè bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Ká sọ òótọ́, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Kóòṣì yín rí ohun tí èmi ti rí lára rẹ láti kékeré tí mi ò sọ. Mo mọ ibi tí ẹ̀rù àárín yẹn ti wá. Ó ti wà kí wọ́n tó bí ọ. N ó sọ bó ṣe jẹ́ fún ọ kí n tó dá ọ lóhùn, kó o fara balẹ̀ kà á.

Orúkọ Ọ̀gá mi nìkan lo mọ̀, o ò bá a láyé. Bàbá Télọ̀ ni gbogbo Ayétòrò ń pè é. Ará Kétu ni, lódìkejì bọ́dà, ṣùgbọ́n Àjàṣẹ́ ló ti ṣiṣẹ́ nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, tó ń rán aṣọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Àwọn yẹn ló kọ́ ọ ní ṣẹ́ẹ̀sì. Nígbà tó kó wá sí Ayétòrò, ó kó àwọn ère ṣẹ́ẹ̀sì rẹ̀ dání, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun kéékèèké tó máa ń tò síwájú ti sọnù sọ́nà. Bọ́tìnnì ló fi rọ́pò wọn: bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì fún funfun, bọ́tìnnì ṣòkòtò fún dúdú. Ojú ibi tí a ń ta á lé, ó rán an ni. Ó gé kákí yúnífọ́ọ̀mù tó ṣẹ́ kù àti aṣọ funfun tí a fi ń ṣe inú àpò ní onígun mẹ́rin kéékèèké, ó so wọ́n pọ̀, ó sì lọ̀ ọ́ débi pé kò ní ìwúnjọ kankan. Bí a bá ta tán, a ó ká a, a ó kì í sábẹ́ máṣíìnì.

Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ́ ọ, torí náà orúkọ tó ń pe àwọn ère náà yàtọ̀. Èyí tí ẹ̀yin ń pè ní bíṣọ́ọ̀bù, wèrè ló ń pè é. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó kọ́ òun ń pè é. Èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀ di òní, ìwọ náà sì mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀ títí ọjọ́ tó o fi lọ sọ ní ilé ìwé pé wèrè rẹ pa ayaba tíṣà, tí tíṣà náà ránṣẹ́ pè mí. Mo ṣàlàyé títí, kò jọ pé ó gbà mí gbọ́.

Ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá kò fẹ̀. Tábìlì ìgéṣọ ló wà láàárín, òun á jókòó sẹ́yìn rẹ̀, á kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Àwa ọmọṣẹ́ kì í gba iwájú àyà rẹ̀ kọjá. Ẹ̀gbẹ́ ògiri la máa ń gbà, a ó tẹrí ba díẹ̀, a ó ní, "Ẹ jẹ́ n kọjá, Ọ̀gá." Òun náà á ní, "Kọjá," láìgbé ojú kúrò nínú ohun tó ń rán. Kò sí ẹni tó jókòó kọ́ wa ní ìyẹn. Bó ṣe wà nílé gbogbo wa náà nìyẹn.

Ohun tí o ò mọ̀ ni pé Ọ̀gá gbé àṣà yìí bọ inú ṣẹ́ẹ̀sì. Àwa ọmọṣẹ́ ló máa ń fún ní funfun nígbà gbogbo. Ó ní funfun ló ń kọ́kọ́ rìn, ọmọdé ló sì yẹ kó kọ́kọ́ kí àgbà, torí náà ìkíni ni ìrìn àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ tí Rábíù, tí a jọ ń kọ́ṣẹ́, kọ́kọ́ jókòó síwájú rẹ̀, ó ti bọ́tìnnì iwájú ọba ní ìṣísẹ̀ méjì sáàárín. Ọ̀gá fi ṣóńṣó rúlà dá bọ́tìnnì náà padà sáyè rẹ̀.

"Rábíù, kí lò ń wá níwájú àyà mi?"

"Ọ̀gá, mò ń ta ni."

"O ò tíì kí mi, o ti ń ta. Gba ẹ̀gbẹ́ wá, jàre. Dúsúmáà, dúsúmáà."

Ọ̀rọ̀ Faransé tó ti di ti àwọn ará Kétu ni, ó ń sọ pé kó ṣe é jẹ́jẹ́. Bí gbogbo ọmọṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù yẹn ṣe di ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ nìyẹn. Àwọn kan máa ń ti bọ́tìnnì igun pátápátá. Èmi ni mo wá rí i pé bọ́tìnnì kejì láti ọwọ́ òsì, èyí tó wà níwájú ẹṣin, ló dáa jù. Bó bá ti rìn ní ìṣísẹ̀ méjì, ó ti ṣí ilẹ̀kùn fún wèrè. Inú Ọ̀gá dùn sí i, ó ní ìkíni ẹni tó mọ ohun tó ń wá ni.

Àṣàkẹ́, a rò pé òfin ṣẹ́ẹ̀sì ni. A ò mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù tiwa nìkan ló rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ta á pẹ̀lú ẹlòmíràn, Ìlaròó níbí ni, Ọ̀gá rán mi wá ra òwú, mo rí àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan tí wọ́n ń ta á lábẹ́ igi máńgòrò. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n jókòó. Ẹni tó mú funfun ti bọ́tìnnì iwájú ọba rẹ̀ wá sáàárín, gan-an bí Rábíù ṣe ṣe é. Mo wò ó, mo wo bọ́tìnnì, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tíì kí mi." Wọ́n rẹ́rìn-ín débi tí ọ̀kan nínú wọn fi jábọ́ lórí bẹ́ǹṣì.

Ibẹ̀ ni ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ ti wá. Nígbà tó kàn mí láti mú funfun, mo ti bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ mi, ẹ̀rín mìíràn tún bẹ̀rẹ̀. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ta á n'Ayétòrò?" Inú bí mi. Mo fẹ́ fìyà jẹ wọ́n kíákíá, mo sáré kó ayaba mi jáde, wọ́n sì gbà á lọ́wọ́ mi bí ẹni gba ìpápánu lọ́wọ́ ọmọdé. Mo gbàgbé òwú tí mo wá rà. Wọn yóò rẹ́rìn-ín ìwọ náà, wọ́n sì ti lè máa ṣe bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín kì í wo ojú pátákó dáadáa, àsìkò yẹn gan-an ni kó o lò láti ronú. Má bínú ta ṣẹ́ẹ̀sì, má sì bínú dáhùn ọ̀gá ọ́fíìsì rẹ.

Èkejì, ohun tí eré wa ń ṣe gan-an ni kó o mọ̀, kó má jẹ́ pé àṣà lásán lò ń tẹ̀ lé. Bí o bá ti bọ́tìnnì kejì yẹn, tí wọ́n fi bọ́tìnnì iwájú ọba wọn dá ọ lóhùn sáàárín, gbé wèrè rẹ sí àyè tí bọ́tìnnì rẹ fi sílẹ̀. Yóò máa wo àárín láti ọ̀nà jíjìn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn á sáré fi wèrè tiwọn mú bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ rẹ, inú wọn á dùn. Jẹ́ kó dùn. Ìwọ fi wèrè tìrẹ mú bọ́tìnnì àárín wọn. Ẹ ti jọ pa ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n tìrẹ tó lọ, ti ẹ̀gbẹ́ ni, tiwọn tó lọ, ti iwájú ọba ni. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi pé eré yìí kò já mọ́ nǹkan. Wọn kì í kọ ọ́ sí iwájú ìwé, ìyẹn ò ní kó má dáa.

Ẹ̀kẹta, ojú kòkòrò. Bí wèrè rẹ bá ti mú bọ́tìnnì àárín yẹn, yóò máa wo ọ̀kánkán ilé igun wọn, èyí tí ẹ̀yin ń pè ní rúùkù. Bí wọn ò bá ṣọ́ra, o lè gba ọ̀nà ibẹ̀ wọlé, kó o sì jẹ ilé igun náà. Mo ṣe é fún Rábíù lọ́jọ́ kan tí òjò ò jẹ́ kí oníbàárà kankan wá. Mo jẹ ilé igun, mo ń kọrin. Wèrè mi há sí igun yẹn, àwọn ẹṣin mi ṣì wà nílé, ọba mi dúró ní gbangba, Rábíù sì fi ayaba rẹ̀ àti ẹṣin kan pa mí lójú àwo ẹ̀bà tí a jọ fẹ́ jẹ. Odidi ẹran tó wà lójú àwo ló dá jẹ, nítorí ohun tí a fi ṣàdéhùn nìyẹn. Kó àwọn ẹṣin rẹ jáde, fi ọba rẹ pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé igun, kó o tó máa wá ohun tí wàá jẹ. Iṣẹ́ tuntun náà rí bẹ́ẹ̀. Wọn ò tíì mọ̀ ọ́, má tíì máa béèrè ohun ńlá.

Mo tún rántí ti aṣọ. Bí wọ́n bá ti bọ́tìnnì igun wọn wá kojú tìrẹ, má mú un, má sì dúró máa wò ó. Sún síwájú. Obìnrin kan láti Ìjoun gbé kákí yúnífọ́ọ̀mù ọmọ rẹ̀ wá, Ọ̀gá sì ní kí n gé e. Mo ti gé e dé ìdajì kí ẹ̀rù tó bà mí pé bóyá mo wọ̀n ọ́n sódì. Kàkà kí n gé e lọ, mo yí àlùmọ́gàjí padà, mo ní kí n tún un ṣe. Mo ti wọ̀n ọ́n dáadáa tẹ́lẹ̀. Yíyí tí mo yí àlùmọ́gàjí padà ló bà á jẹ́. Ọ̀gá kò nà mí. Ó gé kákí tuntun fún obìnrin náà, ó ní kí n rán èyí tó bàjẹ́ parí, kí n wọ̀ ọ́ lọ sọ́jà Ayétòrò. Mo wọ̀ ọ́ o. Apá kan gùn ju èkejì lọ, àwọn ọmọ sì ń tẹ̀ lé mi lẹ́yìn. Ohun tó o bá ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tó o ti wọ̀n ọ́n, gé e lọ.

Èyí tó kàn ni èyí tó ń dùn mí, mi ò sì mọ ìkelòó ìmọ̀ràn tó jẹ́ mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, èmi àti Ọ̀gá ń ta á, gbogbo nǹkan lọ bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ yẹn. Ó mú bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ mi, mo mú ti àárín rẹ̀. Àárín wá ṣófo. Mo lè ti bọ́tìnnì mi méjèèjì síbẹ̀, ti iwájú ọba àti ti iwájú ayaba, kí wọ́n jókòó bí ọlọ́jà. Mi ò ṣe é. Mo ń ti bọ́tìnnì igun, mo ń gbé ẹṣin lọ gbé ẹṣin bọ̀. Ọ̀gá gbé awò rẹ̀ kúrò lójú.

"Sàfú, ẹ̀gbẹ́ lo gbà wọlé, mo ti rí ọ, o ti kí mi, mo ti dáhùn. Ṣé ẹ̀gbẹ́ ògiri náà lo fẹ́ sùn sí?"

"Ọ̀gá, iwájú yín ni."

"Mo mọ̀ pé iwájú mi ni. Mo ti ní kó o kọjá."

Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Kì í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀gbẹ́ tó kọ́ wa, ẹnu ọ̀nà ló jẹ́ lójú tirẹ̀. Èmi sọ ọ́ di ilé.

Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí sì nìyẹn tó fi ní àṣà kan fún ọjọ́ fúrídọ́ọ̀mù. Ṣó o rí i, níbòmíràn, bí ọmọṣẹ́ bá gba òmìnira, wọ́n á gbàdúrà fún un, wọ́n á fún un ní àlùmọ́gàjí tuntun, wọ́n á jẹun. Lọ́dọ̀ Ọ̀gá mi, lẹ́yìn àdúrà, kí wọ́n tó gbé oúnjẹ wá, yóò tẹ́ aṣọ ṣẹ́ẹ̀sì náà lójú gbogbo èèyàn, yóò fi ìka rẹ̀ kan àárín rẹ̀, yóò ní, "Gba àárín." Ọmọṣẹ́ náà á wá ti bọ́tìnnì iwájú ọba ní ìṣísẹ̀ méjì, tààrà, síwájú àyà ọ̀gá rẹ̀. Ìyẹn gan-an ni fúrídọ́ọ̀mù. Rábíù ti ṣe tirẹ̀ ṣáájú mi. Ó ti bọ́tìnnì náà débi pé ó fò kúrò lórí tábìlì, bàbá rẹ̀ ló lọ wá a lábẹ́ àga.

Nígbà tó kàn mí, mo wọ aṣọ àdìrẹ tí mo rán fúnra mi. Bàbá mi jókòó, ìyá mi jókòó, àwọn àlùfáà wà níbẹ̀. Ọ̀gá fi ìka kan àárín. "Sàfú, gba àárín." Mo na ọwọ́ sí bọ́tìnnì iwájú ọba. Ọwọ́ mi dé òkè rẹ̀, kò tíì kàn án. Mo gbójú sókè, mo rí irun funfun àyà Ọ̀gá níbi tí bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ ti ṣí, mo rí i pé ó ti darúgbó. Mi ò lè ṣe é. Ọwọ́ mi yà sósì, mo ti bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́, bí mo ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ yìí wá.

Gbogbo èèyàn yìn mí. Wọ́n ní wọ́n kọ́ mi dáadáa, wọ́n ní ẹ ò rí ọmọ tó mọ̀wà. Ìyá mi fi gèlè nu ojú. Èmi náà fẹ́ràn ìyìn yẹn, mo sì fi ṣayọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọ̀gá nìkan ni kò yìn mí. Ó kàn ní, "Ó dáa. Ọjọ́ tó bá yá ọ."

Ojú rẹ̀ ṣú nígbẹ̀yìn, ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó padà sí Kétu. Mo lọ kí i lórí ọ̀kadà, ọ̀nà yẹn kò dáa, ìyá bàbá rẹ sì bínú nítorí pé oyún rẹ wà nínú mi. Ọ̀gá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò ríran mọ́ rárá. Mo kúnlẹ̀ kí i, ó mọ ohùn mi. Ó ní kí wọ́n gbé aṣọ ṣẹ́ẹ̀sì wá.

"Ọ̀gá, báwo lẹ ṣe fẹ́ ta á?"

"Ìka mi ń ríran. Ìwọ mú funfun."

Mo ta. Mo sọ ìrìn mi fún un, ó ń fi ìka tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó na ọwọ́ kọjá, ó fi ìka wá iwájú ọba mi. Ó bá bọ́tìnnì náà níbi tó wà. Ó ń yí i lábẹ́ ìka rẹ̀ bí ẹni tó ń wo aṣọ bóyá ó nípọn. Ó wá mú un kúrò lórí aṣọ, ó fi sí mi lọ́wọ́, ó pa ọwọ́ mi dé.

"Kó gbogbo ère yìí lọ sílé, mo fún ọ. Ṣùgbọ́n èyí, yà á sọ́tọ̀. Bí ìwọ ò bá rìn ín, fún ẹni tó máa rìn ín."

Ó kú kí n tó bí ọ. Mi ò bá a níbẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn sì ni ìkẹyìn láàárín wa. Títí di ìsinsìnyí, bí mo bá ń gé kákí, mo máa ń gbọ́ "dúsúmáà" rẹ̀, ojú mi á sì ro mí. Mo fẹ́ràn bàbá yẹn, Àṣàkẹ́. Mo fẹ́ kó o mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Wàyí o, ṣé o rántí bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé? Nígbà tí mo ń kọ́ ọ lórí tábìlì yìí, tí ẹsẹ̀ rẹ kò tíì kanlẹ̀, gbogbo ọmọ ogun funfun wa ló jẹ́ bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì, àfi èyí tó wà níwájú ọba tó jẹ́ bọ́tìnnì búláùsì aláwọ̀ ewé. O bi mí pé kí ló dé tí ó fi yàtọ̀. Mo ní òun ló wà nílẹ̀, mi ò sọ pé mo ti ya ti Ọ̀gá sọ́tọ̀. O tún bi mí pé, "Màmá, kí ló dé tí èyí kì í kọ́kọ́ rìn?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é." Mo lọ̀ ọ́ mọ́ ọ lára bí ẹni ń lọ aṣọ, ọmọ kékeré tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, tí Ọ̀gá kankan kò jókòó síwájú rẹ̀. Mo kọ́ ọ ní ìkíni, mi ò sì dá ọ lóhùn. Láti ìgbà náà lo ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tó ò ń retí pé kí ẹnì kan ní kó o kọjá. Mo rí i bó o ṣe máa ń jókòó sí ìparí bẹ́ǹṣì ní gbogbo ibi, bó o ṣe máa ń mọ ìdáhùn tí o ò ní nawọ́. Mo ń pè é ní ìwà pẹ̀lẹ́, mo sì ń fi ọ́ yangàn fún àwọn aládùúgbò. Kóòṣì yín ló pè é ní orúkọ rẹ̀ gan-an.

Bàbá rẹ wọlé nígbà tí mo kọ dé ibí yìí, ó ka díẹ̀ lẹ́yìn mi láìgbàṣẹ. Ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì àti bọ́tìnnì yín. Ṣé ọmọ náà ò kàn lè ti nǹkan náà ni?" Òun tó jẹ́ pé ayò nìkan ló mọ̀. Ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ, mo sì ní kó lọ bomi kaná fún mi.

Ìdáhùn mi rèé. Má fi eré wa sílẹ̀, má sì dì í mú. Níbi ìdánwò tí wọ́n á fi yàn yín, nígbà àkọ́kọ́ tó o bá mú funfun, ti bọ́tìnnì iwájú ọba. Má wo kóòṣì, má wo ẹni tó wà níwájú rẹ. Bó o bá pàdánù, o pàdánù, ilé wà, máṣíìnì wà, kò sẹ́ni tó ń lé ọ. Lẹ́yìn ìyẹn, bó bá wù ọ́ láti padà sí bọ́tìnnì kejì láti ọwọ́ òsì, padà síbẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Eré tó dáa ni, mo ti sọ ohun tó ń ṣe fún ọ. Ṣùgbọ́n kó jẹ́ pé ìwọ lo yàn án, kó má jẹ́ ẹ̀rù. Bí àárín bá sì ṣófo, wọ ibẹ̀, kó o jókòó. Ní ọ́fíìsì náà, bí wọ́n bá pe ìpàdé, má jókòó ti ilẹ̀kùn mọ́.

Nígbà tó o bá wálé, èmi ni n ó jókòó síbi tí Ọ̀gá máa ń jókòó, ìwọ mú funfun. Mo fẹ́ fi ojú mi rí i. Ara mi á gbà á.

Nǹkan kékeré kan wà nínú àpò lẹ́tà yìí, má gbọ̀n ọ́n dànù. Inú agolo abẹ́rẹ́ mi ló wà láti ọjọ́ tí mo ti Kétu dé. Kó má bàa sọnù sọ́nà, mo rán an mọ́ ègé kákí kan, mo fi òwú yí i dáadáa bí Ọ̀gá ṣe kọ́ mi, torí náà kò ní bọ́ bí o bá kàn fà á. Àlùmọ́gàjí tí mo fún ọ nígbà tó ò ń lọ wà nínú báàgì rẹ. Fi já òwú náà fúnra rẹ.

Kọjá, ọmọ mi.

Sàfúrátù ìyá rẹ,
láti ẹ̀yìn tábìlì, n'Ìlaròó.